Ọ̀pá Eléyín àti Ọmọ Gíà: Yíyan Ìperí àti Yíyan Irin fún Tábìlì Ìgé ní Àpápá àti Ajégúnlẹ̀

1.0 Ìfáàrà

Ìperí fún ẹ̀kọ́ èdè àti lítíréṣọ̀ Yorùbá ti rí àbójútó tí ó jọjú. Apá kìn-ín-ní ìwé Èdè-Ìperí Yorùbá, tí Ayọ̀ Bámgbóṣé ṣe olóòtú rẹ̀, jáde ní ọdún 1984. Apá kejì, tí Ọládélé Awóbùlúyì ṣe olóòtú rẹ̀, tẹ̀lé e ní ọdún 1990. Ṣáájú ìgbà náà, ètò ẹ̀kọ́ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ ọlọ́dún mẹ́fà tí ó bẹ̀rẹ̀ ní Ilé-Ifẹ̀ ní ọdún 1970 ti fi hàn pé èdè Yorùbá tó láti fi kọ́ ọmọdé ní ìṣirò àti sáyẹ́ǹsì.

Ṣùgbọ́n ẹni tí ó ń kọ́ ọmọṣẹ́ nípa ẹ̀rọ, tàbí tí ó ń túmọ̀ ìwé ìtọ́nisọ́nà rẹ̀, a máa bá ìṣòro mìíràn pàdé. Àṣìṣe nínú ìperí gírámà lè dá àríyànjiyàn sílẹ̀. Àṣìṣe nínú ìperí ẹ̀rọ a máa ba pákó jẹ́, a sì máa jẹ owó. Àbá tí àpilẹ̀kọ yìí gbé kalẹ̀ ni pé ìperí iṣẹ́ ẹ̀rọ kò tí ì pé títí di ìgbà tí ẹni tí ó gbọ́ ọ yóò lè fi í yan irin tí ó yẹ lórí àtẹ ọlọ́jà. Àpẹẹrẹ tí a ó fi yẹ àbá náà wò ni irin méjì tí ó ń gbé tábìlì ìgé rìn, èyí tí àwọn oníṣẹ́ irin ń pè ní ráàkì àti píníọ̀nì.

2.0 Ibi tí ọ̀rọ̀ ti ń wọlé

Èbúté Àpápá ti ń gba ọkọ̀ òkun ní ibi ìgúnlẹ̀ olómi jíjìn láti ọdún 1926. Ajégúnlẹ̀, tí ó wà ní ìjọba ìbílẹ̀ Ajérọ̀mí-Ìfẹ́lódùn, kò jìnnà sí i. Orúkọ rẹ̀ sì sọ ohun tí àwọn ènìyàn wá síbẹ̀ wá, pé ajé ti gúnlẹ̀. Yorùbá, Ìgbò, Ìjọ̀ àti Ùròbò jọ ń gbé ibẹ̀. Nínú ṣọ́ọ̀bù wẹ́dà tàbí ti ẹni tí ń fi ẹ̀rọ léèdì gbẹ́ irin, Yorùbá àti pijin a máa dàpọ̀ nínú gbólóhùn kan ṣoṣo. Ìperí tí kò bá rọrùn lẹ́nu kò lè pẹ́ níbẹ̀.

Irin tí a ń sọ̀rọ̀ rẹ̀ kì í ṣe àjèjì ní agbègbè yìí. Géètì ńlá tí ó ń fi ẹ̀gbẹ́ rìn, tí mọ́tò ń ṣí, ní ọ̀pá kan tí a gé eyín sí lára. Kẹ̀kẹ́ kékeré eléyín tí ó wà lórí mọ́tò ni ó ń fa ọ̀pá náà. Abẹ́ ẹ̀rọ léèdì ní irú rẹ̀, èyí tí ó ń mú kí ìjókòó ọ̀bẹ rìn síwá sẹ́yìn nígbà tí oníṣẹ́ bá yí ọwọ́ ẹ̀rọ. Ẹ̀rọ ìlu-irin onídùúró náà ní i. Bẹ́ẹ̀ gẹ́gẹ́ ni ọkọ̀ Peugeot 504, tí ilé-iṣẹ́ Kàdúná bẹ̀rẹ̀ sí í tò ní ọdún 1975: ráàkì ni ó ń gba ìyí ọwọ́ awakọ̀ tí ó sì ń sọ ọ́ di ìtì sí ọ̀tún tàbí sí òsì. Ohun tuntun kì í ṣe irin náà, bí kò ṣe iṣẹ́ tí a fẹ́ kí ó ṣe.

3.0 Tábìlì ìgé atẹ̀lé-òǹkà

Tábìlì tí ibí yìí ń tọ́ka sí ni èyí tí ọ̀bẹ ìgé tàbí iná ìgé ń rìn lórí rẹ̀ láìsí ọwọ́ ènìyàn. Òǹkà ni ó ń darí rẹ̀: a kọ ibi tí ọ̀bẹ yóò dé sílẹ̀ ní nọ́ńbà, ẹ̀rọ ka nọ́ńbà náà, mọ́tò sì yí ní ìwọ̀n tí nọ́ńbà náà pa láṣẹ. John T. Parsons ni ó dá ìmọ̀ náà sílẹ̀ ní Amẹ́ríkà. Ilé-ẹ̀kọ́ gíga MIT sì fi ẹ̀rọ àkọ́kọ́ irú rẹ̀ han àwọn ènìyàn ní ọdún 1952. Bébà tí a lu ihò sí lára ni ẹ̀rọ ìgbà náà ń kà. Kọ̀ǹpútà ni ó ń ṣe iṣẹ́ náà lónìí. Nítorí náà ni orúkọ tí ó dá lórí òǹkà fi sàn ju èyí tí ó dá lórí kọ̀ǹpútà lọ. Kọ̀ǹpútà jẹ́ ìránṣẹ́. Òǹkà ni ọ̀gá. Ìperí tí a dábàá ni tábìlì ìgé atẹ̀lé-òǹkà.

Pákó pílàìwúùdù tí ó pé ṣíìtì kan gùn ní mìlímítà 2440, ó sì fẹ̀ ní mìlímítà 1220. Ẹni tí yóò bá fi ọwọ́ ara rẹ̀ kan tábìlì tí yóò gba odindi ṣíìtì ní ọ̀nà mẹ́ta láti gbé afárá ọ̀bẹ rìn. Ó lè lo ọ̀pá oníṣúkúrù, bẹ́líìtì eléyín, tàbí ráàkì. Ọ̀pá oníṣúkúrù dára fún ọ̀nà kúkúrú. Bí ó bá gùn tó mítà méjì àbọ̀, tí ó sì ń yí kíákíá, àárín rẹ̀ a máa sọ̀, a sì máa jù fìrìfìrì bí okùn. Bẹ́líìtì a máa nà, bí ó bá sì ṣe gùn tó ni nínà rẹ̀ ń pọ̀ tó. Ráàkì kò ní àléébù méjèèjì yìí: a lè so ó mọ́ ara wọn títí ó fi gùn tó bí a ti fẹ́, kò sì le díẹ̀ sí i tàbí dẹ̀ díẹ̀ sí i nítorí gígùn. Ìdí nìyí tí ó fi wọ́pọ̀ lórí tábìlì ńlá.

4.0 Ìperí fún irin méjèèjì

4.1 Ráàkì. Ọ̀rọ̀ àyálò yìí ti wà lẹ́nu mẹkáníìkì, kò sì yẹ kí a fojú tín-ín-rín rẹ̀. Àléébù rẹ̀ ni pé ráàkì kan náà ni a ń pe pẹpẹ tí a ń to ọjà tàbí àwo sí. Àwọn kan lè fẹ́ fi ayùn wé e, nítorí pé eyín ayùn ni ó sún mọ́ ọn jùlọ ní ojú. Ṣùgbọ́n eyín ayùn wà fún gígé, eyín òòyà wà fún yíyà; eyín irin yìí wà fún ìdìmú. Ọ̀pá eléyín ni a dábàá. Ó sọ ìrísí rẹ̀, kò sì pa irọ́ mọ́ iṣẹ́ rẹ̀.

4.2 Píníọ̀nì. Yorùbá ti ní ọ̀nà tí ó ń gbà sọ orúkọ ohun méjì tí ó jọ ń ṣiṣẹ́, tí ọ̀kan kéré tí ó sì ń rìn lára èkejì. Odó ní ọmọ odó. Ọlọ ní ọmọ ọlọ. Àgádágodo ní ọmọ àgádágodo. Nínú mẹ́tẹ̀ẹ̀ta, ọmọ ni ó ń gba agbára láti ọwọ́ ènìyàn, òun ni ó sì ń gbé e dé ara ìyá. Bẹ́ẹ̀ gan-an ni píníọ̀nì rí: mọ́tò ni ọwọ́ tí ó dì í mú, ọ̀pá eléyín ni ìyá tí ó ń rìn lé lórí. Nítorí náà, ọmọ gíà bá ìṣe èdè mu. Ọmọ eléyín ìbá rọrùn pẹ̀lú, ṣùgbọ́n etí yóò kọ́kọ́ gbọ́ ọmọ tí ó ti hu eyín, ẹ̀rín yóò sì gba kíláàsì.

Àǹfààní kejì wà nínú àfiwé yìí. Bí ọmọ gíà bá ní eyín 20, tí ìwọ̀n eyín rẹ̀ sì jẹ́ 1.5, yóò yí tó ìgbà 26 kí afárá tó rin mìlímítà 2440. Èyí ni pé eyín kọ̀ọ̀kan lára ọmọ gíà ti ṣiṣẹ́ tó ìgbà 26 nígbà tí eyín ọ̀pá kọ̀ọ̀kan ṣiṣẹ́ lẹ́ẹ̀kan. Ọmọ ni yóò kọ́kọ́ jẹ, òun náà ni owó rẹ̀ kéré. Ẹni tí ó bá ti gbọ́ orúkọ náà dáadáa ti mọ èyí tí yóò máa pààrọ̀.

5.0 Ìwọ̀n eyín àti iye eyín

Ibí ni àṣìṣe ti pọ̀ jùlọ. Ọmọṣẹ́ tí a rán lọ ra ọmọ gíà a máa ka eyín èyí tí ó ti jẹ, a sì máa béèrè fún irú rẹ̀: "Eléyín ogún ni mo ń fẹ́." Ogún yìí kò tó láti fi rà á. Kẹ̀kẹ́ eléyín ogún lè tóbi bí ìdérí ìgò, ó sì lè tóbi bí àwo ọbẹ̀. Ohun tí ó ń mú kí eyín wọ inú eyín ni bí eyín kọ̀ọ̀kan ti tóbi tó, èyí tí àwọn oníṣẹ́ irin ń pè ní módù. Yorùbá ya iye kúrò lára ìwọ̀n: iye ni a ń kà, ìwọ̀n ni a ń wọ̀n. Ẹ jẹ́ kí iye eyín dúró fún kíkà, kí ìwọ̀n eyín sì dúró fún módù.

Ìwọ̀n eyín ni ohun tí a rí nígbà tí a bá fi iye eyín pín ìdábùú ìpàdé. Ìdábùú ìpàdé ni ìdábùú òbírí tí a lè fojú inú rí ní àárín gíga eyín, níbi tí ọmọ gíà àti ọ̀pá ti ń pàdé. Kì í ṣe ìdábùú tí a wọ̀n láti ṣóńṣó eyín kan dé ṣóńṣó èyí tí ó kọjú sí i. Bí a bá fi 3.1416 sọ ìwọ̀n eyín di púpọ̀, a ó rí ìjìnnà eyín, ìyẹn àyè láti eyín kan dé èkejì lórí ọ̀pá. Bí ìwọ̀n eyín bá jẹ́ 1, ìjìnnà eyín jẹ́ mìlímítà 3.14, bí ó bá jẹ́ 1.5, ó jẹ́ 4.71, bí ó bá jẹ́ 2, ó jẹ́ 6.28.

Olùkọ́ lè sọ ọ̀nà kan fún ọmọṣẹ́ tí kò ní ìwé tí ó bá irin wá: kí ó wọn eyín mẹ́wàá lórí ọ̀pá, láti ojú kan eyín kìn-ín-ní dé ojú kan náà lára eyín kọkànlá, kí ó pín in sí 10, kí ó sì tún fi 3.1416 pín in. Bí ó bá rí mìlímítà 47.1, ìwọ̀n eyín jẹ́ 1.5.

Ohun kẹta gbọ́dọ̀ bá a mu: igun tí eyín fi ń ti eyín, tí a dábàá pé kí a máa pè ní igun ìtì. Dígírì 20 ni ó wọ́pọ̀ lónìí. Àwọn ẹ̀rọ àtijọ́ mìíràn ní 14.5. Méjèèjì kì í ṣe ọ̀rẹ́ ara wọn. Bí igun ìtì bá sì jẹ́ 20, tí iye eyín ọmọ gíà kò tó 17, irin tí ó gé e yóò jẹ wọ ìdí eyín, eyín yóò sì rọ ní ibi tí ó yẹ kí ó ti le jùlọ, àfi bí a bá ṣe àtúnṣe sí ìrísí rẹ̀ nígbà tí a ń gé e.

6.0 Ìdánwò: ọ̀pá géètì lórí tábìlì ìgé

Ọ̀pá tí ó rọrùn láti rí ní agbègbè ilé-ìkẹ́rù Àpápá ni ti géètì. Ìwọ̀n eyín rẹ̀ sábà máa ń jẹ́ 4, a sì ń tà á ní mítà kọ̀ọ̀kan. Ṣé a lè lò ó? Ìperí òkè wọ̀nyí tó láti dáhùn.

Bí ọmọ gíà bá ní eyín 17 tí ìwọ̀n rẹ̀ jẹ́ 4, ìdábùú ìpàdé jẹ́ mìlímítà 68. Bí ó bá yí lẹ́ẹ̀kan, afárá yóò rin mìlímítà 213.6. Mọ́tò oníṣísẹ̀ tí ó wọ́pọ̀ ń pín ìyí kan sí ìṣísẹ̀ 200. Ìṣísẹ̀ kan ṣoṣo yóò gbé ọ̀bẹ kọjá mìlímítà kan. Ẹ wá fi ọmọ gíà eléyín 20 tí ìwọ̀n rẹ̀ jẹ́ 1.5 wé e. Ìdábùú ìpàdé jẹ́ mìlímítà 30, ìyí kan jẹ́ 94.25, ìṣísẹ̀ kan jẹ́ 0.47. Géètì kò bìkítà fún mìlímítà kan. Ìlẹ̀kùn kọ́bọ́ọ̀dù bìkítà. Yàtọ̀ sí èyí, a kì í fi ìṣọ́ra kan náà gé eyín ọ̀pá géètì, nítorí pé iṣẹ́ rẹ̀ kò béèrè rẹ̀.

Síbẹ̀, 0.47 pàápàá ṣì tóbi. Ìdí nìyí tí a fi ń fi bẹ́líìtì àti kẹ̀kẹ́ méjì tí kò dọ́gba sí àárín mọ́tò àti ọmọ gíà. Bí mọ́tò bá yí ní ẹ̀ẹ̀mẹrin kí ọmọ gíà tó yí lẹ́ẹ̀kan, ìṣísẹ̀ kan di mìlímítà 0.12. Ipá pẹ̀lú yí padà. Mọ́tò tí ipá ìyí rẹ̀ jẹ́ níútìn-mítà 2, tí ó bá yí ọmọ gíà yìí tààrà, yóò ti afárá pẹ̀lú níútìn 133. Bí ó bá gba inú bẹ́líìtì kọjá, yóò ti í pẹ̀lú 533, kí a tó yọ ohun tí ìfarakínra jẹ kúrò. Ohun tí a fi san án ni eré. Mọ́tò tí ó ń yí ní ìgbà 300 ní ìṣẹ́jú kan ìbá gbé afárá rin mítà 28. Ní báyìí mítà 7 ni.

Àwọn ìwé kan a máa pe ètò yìí ní àdínkù. Ọ̀rọ̀ náà kò sọ ju ìdajì òtítọ́ lọ: ọmọṣẹ́ tí ó bá gbọ́ àdínkù yóò rò pé ohun kan sọnù. Ohun tí ó ṣẹlẹ̀ ni pé a fi eré ra ipá. A dábàá ìferé-ra-ipá, nítorí pé ó fi ọjà àti owó ọjà hàn pọ̀.

7.0 Àyè ìpadà, jíjẹ àti mímì

Bí òbírí tí ẹ̀rọ gé kò bá rí rogodo, tí ó tẹ́ pẹrẹsẹ ní ibi mẹ́rin, ẹnu ọmọṣẹ́ a máa sọ pé "ó ń ṣeré". Ohun mẹ́ta ni gbólóhùn yìí kó pọ̀, àtúnṣe wọn kò sì jọra.

Èkíní ni àyè ìpadà. Eyín tí ó wọ inú eyín gbọ́dọ̀ ní àyè bíńtín, kí wọ́n má baà há. Níwọ̀n ìgbà tí ọmọ gíà bá ń lọ sí apá kan, a kì í rí àyè yìí. Ìgbà tí ó bá fẹ́ padà ni yóò kọ́kọ́ rin àyè náà kọjá lásán kí afárá tó mọ̀ pé a ti yí padà. Ibi mẹ́rin tí òbírí ti tẹ́ náà ni ibi tí ìrìn ti ń yí padà. Orúkọ rẹ̀ gbọ́dọ̀ ní ìpadà nínú. Àyè nìkan kò tó.

Èkejì ni jíjẹ eyín, tí ọjọ́ àti ìdọ̀tí ń fà. Ẹ̀kẹta ni mímì, tí kò sí lára eyín rárá, bí kò ṣe lára béárìn, ṣáfùtù tàbí irin tí ó gbé mọ́tò dúró.

Ọ̀nà láti yà wọ́n sọ́tọ̀ kò le. Kí a gbé òṣùwọ̀n alábẹ́rẹ́ ti afárá, kí a rìn ín sí apá kan títí abẹ́rẹ́ yóò fi yí, kí a sì wá pàṣẹ kí ó máa padà ní mìlímítà 0.05 lẹ́ẹ̀kọ̀ọ̀kan. Àpapọ̀ àṣẹ tí ó kọjá kí abẹ́rẹ́ tó mira ni ohun tí ó sọnù. Bí ó bá dọ́gba láti ìbẹ̀rẹ̀ ọ̀pá dé òpin, tí ohun gbogbo sì dúró gírígírí, àyè ìpadà ni: kí a sún ọmọ gíà mọ́ ọ̀pá, tàbí kí a fi sípíríìnì tì í mọ́ ọn. Bí ó bá pọ̀ ní àárín ju ìpẹ̀kun lọ, eyín ọ̀pá ti jẹ níbi tí iṣẹ́ ti pọ̀: a ó pààrọ̀ ègé náà. Bí a bá fi ọwọ́ ti afárá, tí a sì rí i pé irin tí ó gbé mọ́tò ni ó ń yẹ̀, mímì ni: sípánà ni oògùn rẹ̀. Ẹni tí ó ní ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo fún mẹ́tẹ̀ẹ̀ta yóò ra ọ̀pá tuntun nígbà tí bóòtù kan ni ó tú.

Ohun kan ṣì wà tí ó yẹ kí olùtumọ̀ mọ̀. Kọ̀ǹpútà lè fi òǹkà dí àyè ìpadà, kí ó máa fi díẹ̀ kún ìrìn nígbàkúùgbà tí ó bá yí padà. Èyí wúlò díẹ̀ fún iná ìgé tí kì í fi ara kan irin. Fún ọ̀bẹ tí ń jẹ pákó kò tó, nítorí pé pákó fúnra rẹ̀ a máa ti ọ̀bẹ sínú àyè náà.

8.0 Títo ọ̀pá

Ọ̀pá mítà kọ̀ọ̀kan ni a ó so pọ̀. Bí ojú ìsopọ̀ bá fẹ̀ ju bí ó ti yẹ lọ, ọmọ gíà yóò ta gìrì níbẹ̀ ní gbogbo ìgbà. Kí a mú ègé ọ̀pá kúkúrú kan, kí a dà á délẹ̀ lé ojú ìsopọ̀ kí eyín rẹ̀ wọ inú eyín ọ̀pá méjèèjì, kí a so ó mọ́ra, kí a tó de bóòtù. Eyín ni ó ń fi eyín sí ipò. Bí afárá bá fẹ̀, mọ́tò kan ní ọ̀tún àti ọ̀kan ní òsì ni ó yẹ. Bí ẹyọ kan bá ń ti í ní ẹ̀gbẹ́ kan, ẹ̀gbẹ́ kejì yóò máa fà sẹ́yìn.

Atẹ́gùn oníyọ̀ láti òkun kò jẹ́ kí irin tí kò ní òróró pẹ́ ní Àpápá. Bẹ́ẹ̀ ni gíríìsì tí ó pọ̀ ń kó ìyẹ̀fun igi jọ, àpòpọ̀ méjèèjì sì ń jẹ irin bí iyanrìn. Ohun tí ó bọ́gbọ́n mu ni kí eyín ọ̀pá kọjú sí ilẹ̀ tàbí sí ẹ̀gbẹ́, kí òróró rẹ̀ jẹ́ fẹ́lẹ́, kí a sì máa fi búrọ́ọ̀ṣì nù ún.

9.0 Àkójọ ìperí

Ọ̀pá eléyín: irin gbọọrọ tí a gé eyín sí lára, ráàkì.
Ọmọ gíà: kẹ̀kẹ́ eléyín kékeré tí ó ń rìn lára ọ̀pá tàbí lára gíà ńlá, píníọ̀nì.
Iye eyín: bí eyín ti pọ̀ tó ní kíkà.
Ìwọ̀n eyín: bí eyín ti tóbi tó, módù.
Ìjìnnà eyín: àyè láti eyín kan dé èkejì.
Ìdábùú ìpàdé: ìdábùú òbírí tí irin méjèèjì ti ń pàdé.
Igun ìtì: igun tí eyín fi ń ti eyín.
Ìferé-ra-ipá: dídín eré kù láti fi ipá kún ipá.
Àyè ìpadà: ìrìn tí ó sọnù nígbà tí a bá yí padà.
Mọ́tò oníṣísẹ̀: mọ́tò tí ó ń yí ní ìṣísẹ̀ tí a lè kà.
Tábìlì ìgé atẹ̀lé-òǹkà: tábìlì tí nọ́ńbà ń darí ọ̀bẹ rẹ̀.

10.0 Ìkádìí

Àwọn àgbà bọ̀, wọ́n ní ibi tí a bá pè ní orí, a kì í fi ibẹ̀ tẹlẹ̀. Gíà, mọ́tò, béárìn àti bóòtù ti di ti Yorùbá, kò sì sí èrè nínú lílé wọn jáde. Ibi tí ó yẹ kí a ti ṣiṣẹ́ ni ibi tí ọ̀rọ̀ kan ń bo ohun méjì tàbí mẹ́ta mọ́lẹ̀: iye àti ìwọ̀n, àdínkù àti èrè, àyè, jíjẹ àti mímì. Olùkọ́ tí ó bá fẹ́ mọ̀ bóyá ìperí tí òun dá wúlò, kí ó kọ ọ́ sórí ìwé kékeré, kí ó fi rán ọmọṣẹ́ lọ sí ọjà. Bí irin tí ó mú bọ̀ bá wọ ara ọ̀pá, ìperí náà tọ̀nà.